Ìjókòó Méjì Lórí Bẹ́ǹṣì Kan

Lẹ́tà tí mo kọ sí ilé fọ́tò kan ní Fante New Town gùn tó ojú ewé mẹ́ta. Mo tẹ̀ ẹ́ ní ẹ̀dà méjì, mo fi ọ̀kan pamọ́ sínú fáìlì, mo sì fi nọ́ńbà sí ìwà tí kò tọ́ kọ̀ọ̀kan tí wọ́n hù sí mi. Iṣẹ́ ìwọnlẹ̀ ni mo kọ́ ní yunifásítì. Ẹni tí wọ́n bá ti kọ́ láti wọn ilẹ̀ kì í sọ pé “níbẹ̀ yẹn” nígbà tó lè sọ iye ẹsẹ̀ bàtà àti apá ibi tó kọjú sí. Ẹ̀sùn mẹ́sàn-án ni mo kà sí wọn lọ́rùn. Ọmọ mi obìnrin kà á, ó ní ó ti pọ̀ jù. Mo fún un ní bíírò, mo ní kó fi ìlà sábẹ́ èyí tí kì í ṣe òótọ́ níbẹ̀. Ó di bíírò náà mú títí, ó sì dá a padà fún mi.

Ẹ̀sùn kẹwàá wà tí kò sí nínú lẹ́tà náà, nítorí mi ò tíì mọ̀ nípa rẹ̀ nígbà tí mo kọ ọ́. Torí tirẹ̀ ni mo ṣe jókòó kọ èyí. Ṣùgbọ́n mi ò lè ti ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ̀ kámẹ́rà ni gbogbo rẹ̀ ti wá.

Bàbá mi ló ni kámẹ́rà náà. Télọ̀ ni bàbá mi, ní Moshie Zongo, àdúgbò àwọn àlejò ní ìlú wa, níbi tí wọ́n bí wọn sí, tí wọ́n bí ìyá mi náà sí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé títí dòní ni àwọn kan ṣì ń bi wá pé ìgbà wo la máa padà sílé, sí ilẹ̀ Yorùbá. (Ìyẹn kò sí lára ẹ̀sùn mẹ́sàn-án, fáìlì tirẹ̀ wà lọ́tọ̀.) Kámẹ́rà kékeré tó ń wọ àpò ẹ̀wù ni, onífíìmù, láti ayé ìgbà tí ènìyàn kì í rí fọ́tò tó yà títí wọ́n á fi fọ̀ ọ́. Òun ni bàbá mi fi ń ya aṣọ tí wọ́n bá rán tán kí oníbàárà tó wá gbé e lọ. Kò lo bátìrì. Ìdérí dúdú kan wà lójú rẹ̀ tí a máa fi àtàǹpàkò tì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kẹ̀kẹ́ kékeré eléyín wà lẹ́yìn rẹ̀ tí a máa yí kí fíìmù tó sún síwájú, ó sì máa ń dún bí eku tó ń jẹ àgbàdo gbígbẹ.

Ohun tó jẹ mí lọ́kàn jù nígbà tí mo wà lọ́mọdé ni àwòrán mẹ́rin tí wọ́n yà yí ojú rẹ̀ ká: orí ènìyàn kan, ènìyàn méjì tó dúró, èrò pa pọ̀, àti òkè ńlá. Ẹni tó bá fẹ́ ya fọ́tò gbọ́dọ̀ yí òrùka ojú kámẹ́rà sí ọ̀kan nínú wọn. Mo bi bàbá mi pé kí ló kan kámẹ́rà nínú iye ènìyàn. Wọ́n ní kì í ṣe iye ló ń béèrè, bí wọ́n ṣe jìnnà sí i tó ni. Mo ní kí ló dé tí kò fi kọ iye ẹsẹ̀ bàtà síbẹ̀ kí gbogbo wa lè mọ̀. Bàbá mi gba kámẹ́rà lọ́wọ́ mi.

“Ìwọ yìí,” ni wọ́n wí, “o ṣì máa pe kámẹ́rà lẹ́jọ́ lọ́jọ́ kan.”

Ìyá mi, ìbejì ni wọ́n. Èkejì wọn kò tíì máa rákòrò nígbà tó kú. Mi ò ní kọ orúkọ ẹnikẹ́ni síbí, ṣùgbọ́n Yorùbá tó bá ń kà á ti mọ orúkọ tí ìbejì ń mú wá sáyé, ó sì mọ̀ pé ẹni tó kọ́kọ́ jáde ni àbúrò, pé ẹni tó kẹ́yìn ni ẹ̀gbọ́n, nítorí ẹ̀gbọ́n ló rán àbúrò rẹ̀ síwájú pé kó lọ wo ayé bóyá ó dùn ún gbé. Ìyá mi ló kẹ́yìn. Ìyá mi ni ẹ̀gbọ́n. Mo ti mọ èyí láti kékeré bí mo ṣe mọ orúkọ ara mi. Mo bẹ ẹni tó ń kà á pé kó rántí pé mo mọ̀ ọ́n.

Àwọn ará ìgbàanì ní ilé, ère ni wọ́n máa gbẹ́ fún ìbejì tó bá kú. Ìyá ìyá mi kò lè gbẹ́ ère nínú agboolé àwọn alálùkùránì, bàbá ìyá mi kò ní gbà. Ohun tí wọ́n ṣe, ohun tí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìyá Yorùbá ní Zongo nígbà náà sì ṣe, ni pé wọ́n mú ọmọ tó kù lọ sí ilé fọ́tò nígbà tó pé ọdún méje. Wọ́n ní kí onífọ́tò yà á lẹ́ẹ̀mejì lórí bẹ́ǹṣì kan náà: kó jókòó fún ara rẹ̀, kó sì jókòó fún èkejì rẹ̀. Ó di ọmọbìnrin méjì nínú fọ́tò kan, aṣọ kan náà, bàtà kan náà.

Fọ́tò yẹn wà lára ògiri yàrá ìyá mi ní gbogbo ìgbà tí mo ń dàgbà. Ènìyàn méjì ni mo gbà pé wọ́n jẹ́. Ọjọ́ kan, mo lè tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, mo gun àga lọ wò ó dáadáa, mo rí àpá kan ní orúnkún ọ̀kan. Mo wo èkejì: àpá yẹn náà, orúnkún kan náà. Mo sáré lọ mú rúlà ilé ìwé mi. Mo fi rúlà náà tọ ìlà bíríkì tó wà lẹ́yìn àwọn ọmọ méjèèjì, mo sì rí i pé ní àárín bẹ́ǹṣì, ìlà náà yẹ̀, díẹ̀ báyìí, bí fífẹ̀ irun orí. Mo rò pé ọjọ́ yẹn ni mo di awọnlẹ̀.

Ìyá mi ń ṣa ìrẹsì nígbà tí mo lọ bá wọn pé mo ti rí ìdí rẹ̀, pé wọn kì í ṣe méjì.

“Èmi ni méjèèjì,” ni wọ́n dáhùn. Lẹ́yìn náà wọ́n dáwọ́ dúró lórí ìrẹsì. “Rárá o. Èmi ni ọ̀kan.”

Mo bi wọ́n pé èwo. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní èwo ló jọ wọ́n lójú mi. Mo nawọ́ sí ti apá òsì, nítorí apá òsì ni a ti ń bẹ̀rẹ̀ ìwé kíkà. Wọn kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, wọn kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Mo kọ ọ́ sọ́kàn pé bẹ́ẹ̀ ni. Ohun kan ṣoṣo ló ń dà mí láàmú níbẹ̀: ọmọ apá òsì ká ẹsẹ̀ rẹ̀ léra, ìyá mi kì í sì í jẹ́ kí n ká ẹsẹ̀ léra tí mo bá jókòó níwájú àgbà. Wọ́n á fi ọwọ́ gbá itan mi. Mo máa ń wo fọ́tò yẹn, mo máa ń sọ nínú ara mi pé ẹ wo ẹni tó ń gbá mi nítan.

Ní bí ọdún kan sẹ́yìn, àìsàn ojú kan mú ìyá mi. Láti ẹ̀gbẹ́ ló ti ń pa ojú wá sí àárín, bí ẹni tó ń fa kọ́tìnì méjì dé ara wọn. Dókítà ní oògùn tí wọ́n ń kán sí i lè mú kó falẹ̀, ṣùgbọ́n ìwọ̀n tó ti lọ kò ní padà. Nígbà tí a ń bọ̀ láti ọsibítù, nínú ọkọ̀ èrò trotro, ìyá mi fọwọ́ kàn mí ní ìkóríta. Wọ́n wá ní, “Mo fẹ́ wò ó bó ṣe gbó.”

Mo rò pé èmi ni wọ́n ń sọ. Mo ní, “Ta ni, Ìyá?”

“Èkejì mi. Ìgbà tí mo rí i kẹ́yìn, ọmọ ọdún méje ni. Mo fẹ́ rí i ní àgbàlagbà kí ojú yìí tó tì pa.”

Ọmọ mi obìnrin ló kọ́kọ́ gbìyànjú. Ó fi fóònù ya ìyá mi, ó tẹ nǹkan kan, ìyá mi sì di méjì lórí fóònù, wọ́n kọjú síra wọn. “Màmá àgbà, ẹ wò ó, ẹ ti di méjì.” Ìyá mi gbé fóònù súnmọ́ ojú, wọ́n yí orí sọ́tùn-ún sósì láti wá ibi tí ojú wọn ṣì là. Wọ́n bi í pé ta ló jókòó fún ẹnì kejì. Ọmọ mi ní kò sẹ́ni tó jókòó, fóònù ló ṣe é. Ìyá mi dá fóònù padà fún un jẹ́jẹ́, wọ́n ní fóònù ṣeun, àmọ́ èyí kò jókòó.

Mo yẹ fóònù náà wò fúnra mi. Òótọ́ ni. Àmì dúdú tó wà lápá òsì imú ìyá mi ti bọ́ sí apá ọ̀tún lójú ẹnì kejì. Ìyá mi náà ni wọ́n yí padà bí ẹni tó ń wo dígí. Nígbà náà ni mo rántí kámẹ́rà bàbá mi, tó wà nínú dúrọ́ọ̀ abẹ́ máṣíìnì ìránṣọ wọn láti ọdún tí wọ́n ti kú.

Ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ó yà mí lẹ́nu. Mo ra fíìmù lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ kan tó máa ń bá àwọn ènìyàn gbé e láti Accra, ọjọ́ tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀ sì ti kọjá, kò sọ fún mi. Mo yà á láti kọ́ ọwọ́ mi: mọ́tò, ìlẹ̀kùn, aládùúgbò mi ní Santasi tó ń fi igi dí ọ̀nà omi gbogbo ènìyàn (mo nílò ẹ̀rí). Fọ́tò mẹ́tàlá ni mo fi kọ́ṣẹ́. Mo tún padà sí ọgbọ́n ìgbà èwe mi: mo ń yí òrùka ojú rẹ̀, mo ń fi téèpù wọn ilẹ̀ láti mọ iye ẹsẹ̀ bàtà tí àwòrán kọ̀ọ̀kan dúró fún. Orí ènìyàn kan, ẹsẹ̀ mẹ́ta. Ènìyàn méjì, ẹsẹ̀ márùn-ún. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé. Inú mi dùn dé ibi tí mi ò fi bínú sí ẹnikẹ́ni fún ọjọ́ méjì.

Àárọ̀ ọjọ́ Àìkú kan nígbà ọyẹ́ ni a yà á, nínú àgbàlá ilé wa ní Zongo. A gbé máṣíìnì bàbá mi jáde, orí tábìlì rẹ̀ ni mo gbé kámẹ́rà sí kó má baà mì. Mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ẹsẹ̀ bẹ́ǹṣì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nílẹ̀. Ìyá mi wọ ìró àti bùbá aláwọ̀ ewé, wọ́n da máyáfì funfun borí. Obìnrin ẹ̀yà Mòsí kan tó ń dín kósè, àkàrà ibẹ̀, lójúlé kejì dáwọ́ iṣẹ́ dúró láti wò wá.

“Hajiya,” ló wí, “ṣé ọkọ tuntun lẹ fẹ́ fi fọ́tò yìí ránṣẹ́ sí?”

Ìyá mi ń to máyáfì wọn. “Kó múra o. Tó bá wá, méjì ló máa fẹ́.”

Mo bi ìyá mi pé àwòrán wo ni kí n yí òrùka sí, ti ẹnì kan tàbí ti ẹni méjì. Wọ́n ní kí ni mo ń béèrè, ṣé wọn kì í ṣe méjì ni. Ẹsẹ̀ márùn-ún náà ni mo sì wọ̀n sílẹ̀, nítorí náà a kò jà.

Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ jókòó sí apá òsì. Wọ́n lọ síbẹ̀. Wọ́n jókòó pẹ̀lẹ́, wọ́n sì ká ẹsẹ̀ wọn léra. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí kámẹ́rà pẹ̀lú gbogbo eyín tó kù lẹ́nu wọn, ẹ̀rín kan tí mi ò rí lẹ́nu wọn rí, bí ọmọ tó jí ṣúgà lá. Mo yà á. Mo ní kí wọ́n sún sí apá ọ̀tún. Wọ́n dìde, wọ́n dúró díẹ̀ bí ẹni tó ń dúró de ẹlòmíràn kó kọjá, kí wọ́n tó lọ jókòó. Èyí yàtọ̀: ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, ọwọ́ lórí orúnkún, ojú le. Mo yà á. Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi: “Kẹrìnlá, Ìyá. Kẹẹ̀ẹ́dógún, èkejì.” Lójú ọ̀nà sílé mo ń rò ó. Kí ló dé tí wọ́n fi rẹ́rìn-ín fún ara wọn, tí wọ́n sì le ojú fún èkejì wọn? Mo parí rẹ̀ sí pé nítorí ó ti kú ni, pé ẹni tó kú kì í rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn sí àlàyé náà. Ẹni tó kàwé ló lè ronú irú rẹ̀.

Mo wá gbé fíìmù lọ sí Fante New Town.

Ẹ̀sùn kìíní: wọn kò kọ orúkọ mi sí rìsíìtì, “fíìmù kan” ni wọ́n kọ. Ẹ̀sùn kejì: mo sọ fún ọmọbìnrin tó ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù pé kẹrìnlá àti kẹẹ̀ẹ́dógún ni kí wọ́n tẹ̀ pa pọ̀ sórí pépà kan, ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́, ó ní ó ti gbọ́, kò sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ó ní kí n wá lọ́jọ́bọ̀. Mo wá lọ́jọ́bọ̀, iná ti lọ. Mo wá lọ́jọ́ Ajé, máṣíìnì bàjẹ́. Mo wá lẹ́ẹ̀kẹta, ọ̀gá lọ síbi òkú ní abúlé. Èyí gba ẹ̀sùn mẹ́ta, nítorí ìdí mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ní ìgbà kẹrin, ó fún mi ní àpòòwé. Mo ka àwọn fọ́tò inú rẹ̀ níbẹ̀. Mọ́tò wà níbẹ̀, ìlẹ̀kùn wà níbẹ̀, aládùúgbò mi àti igi rẹ̀ wà níbẹ̀. Ìyá mi wà ní apá òsì bẹ́ǹṣì, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Kò sí ẹnikẹ́ni ní apá ọ̀tún.

Mo bi í pé kẹẹ̀ẹ́dógún ńkọ́. Ó ronú. Ó ní àbí ti màmá yẹn tó le ojú? Ó ní ó rí i pé màmá náà jókòó lẹ́ẹ̀mejì, ó sì mú èyí tó dára jù fún mi, kò gbé ìkejì sórí kọ̀ǹpútà rárá. Bó ṣe ń sọ ọ́, ojú rẹ̀ jọ ti ẹni tó ń retí ọpẹ́. Mo ní fíìmù tí wọ́n ti fọ̀ dà. Ó ní wọ́n máa ń gé e dànù, àwọn ènìyàn kì í béèrè rẹ̀ mọ́, fóònù ni gbogbo wọn fẹ́ kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí. Wọ́n ti kó ìdọ̀tí bọ́ọ̀là lọ láàárọ̀. Mo jáde sí títì, mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, bí ẹni pé mo lè rí ọkọ̀ bọ́ọ̀là kí n sáré tẹ̀lé e.

Mo padà wọlé. Mo fi Twi sọ ọ́, mo fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́, nígbà tó yá Yorùbá ni mò ń sọ. Mo ní ènìyàn méjì ni wọ́n. Ọmọbìnrin náà tún wo fọ́tò náà, ó wò mí, ó fi sùúrù sọ fún mi bí ẹni tó ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀ pé, “Madam, onipa korɔ no ara.” Ẹnì kan náà ni.

Ọjọ́ yẹn ni mo kọ lẹ́tà.

Ohun tí mi ò kọ síbẹ̀ ni pé ẹ̀rù ń bà mí láti lọ sí Zongo. Ìyá mi fóònù mí, wọ́n béèrè fọ́tò. Mo ní kò tíì yá. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, wọ́n tún béèrè, mo ní iná ni. A lọ sí ọsibítù, dókítà wọn ojú wọn, ó fi ìwé hàn mí: àlàfo tó funfun ní àárín ti kéré sí ti tẹ́lẹ̀. Mo mọ bí a ti ń ka irú àwòrán yẹn. Ilẹ̀ ń lọ. Mo sì mú fọ́tò ẹnì kan ṣoṣo dání nínú báàgì mi, èyí tí kì í ṣe ẹni tí wọ́n fẹ́ rí.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn lẹ́tà, ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù pè mí. Bàbá àgbàlagbà kan ni wọ́n. Mo ti múra ìjà lọ, ṣùgbọ́n mo bá wọn tí wọ́n tẹ́ lẹ́tà mi sórí tábìlì, ojú ewé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, wọ́n sì ti fi pẹ́ńsù sàmì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí tíṣà. Wọ́n gba ẹ̀sùn kìíní dé ìkẹjọ láìjiyàn. Nídìí ìkẹsàn-án, níbi tí mo ti kọ pé ènìyàn méjì ló jókòó lórí bẹ́ǹṣì náà, wọ́n fa ìlà méjì sábẹ́ rẹ̀.

Wọ́n ní, “Alata ni yín.” Orúkọ tí wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí nìyẹn. “Ká ní mo wà lórí àga yìí, màá ti bi yín pé ẹnì kejì dà.”

Wọ́n sọ fún mi pé lọ́dọ̀ ọ̀gá tó kọ́ àwọn níṣẹ́, àwọn ìyá láti Zongo máa ń mú ọmọ kan wá fún fọ́tò ọmọ méjì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n ní ìbéèrè, ìbínú mi sì gbàgbé ara rẹ̀ díẹ̀. Mo fẹ́ mọ bí wọ́n ti ń ṣe é, mo sọ ti ìlà bíríkì tó yẹ̀ fún wọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Pákó pẹlẹbẹ dúdú kan ni ọ̀gá wọn fi ń bo ìdajì ojú kámẹ́rà, wọ́n á yà á, ọmọ á sún, wọ́n á bo ìdajì kejì. Tí ọwọ́ bá mì nígbà tí wọ́n ń pààrọ̀ pákó, ìlà á yẹ̀. Wọ́n ní ọwọ́ ọ̀gá àwọn máa ń mì.

“Nǹkan kan wà tí mi ò mọ ìdí rẹ̀ títí dòní,” ni wọ́n wí. “Kí ọ̀gá mi tó gbé pákó, wọ́n máa bi ìyá ọmọ pé ta ló kọ́kọ́ jáde nínú àwọn méjèèjì. Ẹni yẹn ni wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yà. Tí wọ́n bá gbàgbé béèrè, ìyá ọmọ á fa ìjà.”

Mi ò rántí bí mo ṣe dágbére. Wọ́n ní kí n mú ìyá mi wá, àwọn á yà á fúnra wọn láìgba nǹkan kan, wọ́n sì tẹ fọ́tò kan ṣoṣo tó kù náà fún mi, ńlá, tó fẹ̀ tó àwo ìjẹun. Mo wọ ọkọ̀ tó ń lọ sí Moshie Zongo. Mo gbé e lé itan, mò ń wo ẹsẹ̀ tó ká léra.

Ìyá mi ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Àsárì tán, wọ́n ṣì jókòó lórí ẹní. Mo kúnlẹ̀. Mo ti ṣètò ohun tí mo fẹ́ sọ lẹ́sẹẹsẹ, mo bẹ̀rẹ̀ láti orí rìsíìtì. Mo ṣàlàyé pé mo ti purọ́ pé kò tíì yá, pé wọ́n sọ ọ̀kan nù, pé… Ìyá mi na ọwọ́.

“Gbé e wá.”

Wọ́n gbé e lọ sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Wọ́n yí orí díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n fi rí ibi tí ojú wọn là. Ó pẹ́. Obìnrin tó ń dín kósè kí wọn láti òdìkejì àgbàlá, wọn kò gbé ojú kúrò lára fọ́tò.

“Ó ti gbó,” ni wọ́n wí nígbẹ̀yìn. Ohùn wọn kéré. “Wò ó. Pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀, ó ṣì ń ká ẹsẹ̀ léra.”

Mo ti mọ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n mo ní láti gbọ́ ọ. Mo ní, “Ìyá, mo ṣe bí ẹ̀yin ni. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ jókòó.”

Wọ́n wò mí bí wọ́n ṣe máa ń wò mí kí wọ́n tó gbá mi nítan. “Ìgbà wo ni èmi kọ́kọ́ jáde rí? Òun ló ń ṣíwájú. Ìyá mi ní ẹlẹ́rìn-ín ni, kò tíì léyín tó ti ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ayé. Èmi ni mo kẹ́yìn.”

“Fọ́tò tiyín ni wọ́n sọ nù.”

“Ti èmi?” Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Èmi ṣáà nìyí.”

Wọ́n fi ìka tọ fọ́tò náà lọ sí apá ọ̀tún, wọ́n bi mí pé kí ló wà níbẹ̀. Mo ní kò sí nǹkan kan, bẹ́ǹṣì lásán ni. Mo sọ fún wọn pé bàbá onífọ́tò ti ṣèlérí, pé a lè lọ lọ́la, kí wọ́n tún un yà, méjèèjì pa pọ̀, pẹ̀lú pákó dúdú. Ìyá mi mi orí.

“Má tún pè é wá jókòó. Ó ti wá. Jẹ́ kí àyè mi ṣófo níbẹ̀.”

A kan fọ́tò náà mọ́ ògiri ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, ní ìwọ̀n ibi tí orí ìyá mi ń dé tí wọ́n bá jókòó lórí bẹ́ẹ̀dì, ní apá tí ojú wọn ṣì ń rí. Èmi ni mo fi téèpù wọ̀n ọ́n. Ti ọmọ ọdún méje wà lókè rẹ̀.

Mo dúró níwájú rẹ̀ kí n tó lọ sílé. Ẹ̀sùn kẹwàá nìyí, mo sì ti kọ ọ́ sínú ẹ̀dà tó wà lọ́dọ̀ mi: pé èmi tí mo mọ̀ láti kékeré pé àbúrò ló ń ṣíwájú, mi ò béèrè, pé mo fi ọ̀nà tí ilé ìwé fi ń ka ìwé ka ìyá mi, ìgbà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, pẹ̀lú bí ogójì ọdún láàárín. Mi ò yọ mẹ́sàn-án yòókù kúrò. Òótọ́ ni gbogbo wọn ṣì jẹ́, rìsíìtì yẹn kò sì lórúkọ títí dòní.

Ṣùgbọ́n mi ò tíì wo ojú ọmọ apá ọ̀tún nínú fọ́tò òkè náà dáadáa rí, kí n sọ òótọ́. Gbogbo ìgbà tí mo ń wo fọ́tò yẹn lọ́mọdé, ti apá òsì ni mò ń wò, mo rò pé ìyá mi ni. Mo wá wò ó nísinsìnyí, mo fà súnmọ́ ògiri. Ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ wà lórí orúnkún. Ó le ojú mọ́ kámẹ́rà, ojú ẹni tí wọ́n ti jẹ́ kó dúró pẹ́ jù, tó sì ń ka gbogbo ohun tí onífọ́tò náà ń ṣe tí kò dára, lọ́kọ̀ọ̀kan.